Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ sí Poon Hill ní Nepal: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

AdunniBodija:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé a máa fojú ara wa rí òkè Himalaya. Kì í ṣe pé a fẹ́ gun Everest o, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìrìn tó mọ níwọ̀n la fẹ́ rìn, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní apá ìsàlẹ̀ àwọn òkè náà, ká wo yìnyín lókè ká sì máa bọ̀ nílé. Ibi tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ fún ẹni tí ò ṣe irú ẹ̀ rí ni Ghorepani àti Poon Hill ní Nepal. Èmi máa ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa láàárọ̀, láti Bódìjà dé UI, ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún ọ̀tún ẹ̀ sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oṣù wo ló dáa? Ṣé dandan ni gáìdì? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì kan tó gba Doha wà nílẹ̀ tí owó ẹ̀ ò wọ́n jù, mo fẹ́ rà á kó tó di Sátidé. Ọ̀rọ̀ físà ni mi ò tiẹ̀ rò, wọ́n ní téèyàn bá ti balẹ̀ sí Kathmandu ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Ajala_Leeds:
Àdùnní, ẹ lọ o, ẹ ò ní kábàámọ̀. Oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ló dáa jù torí òjò ti lọ, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Oṣù kẹta àti ìkẹrin náà dáa, ìgbà yẹn ni òdòdó rhododendron tí wọ́n ń pè ní lali gurans máa ń yọ, igbó Ghorepani á pupa fòò, àmọ́ ìkùukùu sábà máa ń bo òkè tó bá ti di ọ̀sán. Ẹ máa wọkọ̀ láti ìlú Pokhara tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ sí Nayapul, bíi 42 kìlómítà, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ẹ sùn ní Tikhedhunga tàbí Ulleri, ọjọ́ kejì ní Ghorepani tó ga tó 2,860 mítà, ọjọ́ kẹta ẹ jí ní ìdájí, ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, ẹ gun Poon Hill fún bíi wákàtí kan. 3,210 mítà ni. Ibẹ̀ lẹ máa dúró sí tí oòrùn á fi là: Dhaulagiri tó ga ní 8,167 mítà wà lápá òsì, àwọn Annapurna wà níwájú, Machapuchare wà lápá ọ̀tún, òkè mímọ́ nìyẹn lójú tiwọn, ìjọba ò gbà kẹ́nikẹ́ni gùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gba Tadapani lọ sí Ghandruk tó jẹ́ ìlú àwọn ẹ̀yà Gurung, ẹ padà sí Pokhara. Gáìdì ò pọn dandan, ọ̀nà náà ò ṣeé ṣì. Físà ò le rárá, dọ́là 50 fún ọgbọ̀n ọjọ́, mo kún fọ́ọ̀mù, mo sanwó, ó tán.

Akeko_Chandigarh:
Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ má bínú o, páálí wo lẹ gbé wọlé? Àǹtí Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan! Tó bá jẹ́ páálí aláwọ̀ ewé tiwa lẹ ní, wọn ò ní fún yín ní físà ní Kathmandu. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí Nepal yọ kúrò nínú ẹ̀, àwa àti Gáńà àti Cameroon àti Ethiopia àti Afghanistan àtàwọn mìíràn, ẹ lọ wò ó lórí ìkànnì ìmígíréṣọ̀n wọn, ó wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ́mbásì wọn lẹ ti máa gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Téèyàn ò bá ní in lọ́wọ́, ní Ìkẹjà gan-an ni wọ́n ti lè sọ pé kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹ tún mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. Tẹ́nì kan bá sì sọ pé kẹ́ ẹ gba Delhi torí ó dínwó, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ máa nílò físà India pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó lè kó ẹrù yín jáde tún wọ òmíràn. Ẹ gba Doha yẹn tàbí Istanbul, ṣùgbọ́n físà kọ́kọ́ ná.

Ajala_Leeds:
Páálí ìlú ọba ni mo gbé lọ. Àbúrò, o ṣé gan-an. Àdùnní, ẹ̀gbọ́n ẹ tó bá ti di ọmọ ìlú ní tiẹ̀ á gbà á níbodè, ìwọ lo máa tètè bẹ̀rẹ̀.

AdunniBodija:
Háà! Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ fowó ṣòfò. Ọlọ́run á san án fún yín o Chandigarh. Tíkẹ́ẹ̀tì ti dúró ná. Àwọn ìbéèrè yòókù ńkọ́?

BabaOniSnowdon:
Ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ gáìdì yẹn ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni Nepal Tourism Board ti sọ ọ́ di òfin pé àjòjì ò gbọ́dọ̀ dá rìn láwọn ọ̀nà òkè wọn láìmú gáìdì tó níwèé àṣẹ. Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn tó lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn tí wọn ò mú gáìdì tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn dúró wà, àwọn ará agbègbè Everest tiẹ̀ sọ pé àwọn ò bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ físà, ìjà wo lo fẹ́ lọ bá wọn jà ní ẹnu ibodè? Ìwé méjì lẹ máa gbà. ACAP, ìyẹn owó ìwọlé sí agbègbè Annapurna, 3,000 rúpì fún àjòjì kọ̀ọ̀kan. TIMS, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ àwọn tó ń rìn lórí òkè sílẹ̀, 2,000 rúpì, iléeṣẹ́ tó fún yín ní gáìdì ló máa bá yín gba ìyẹn. Ẹ kó fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù mẹ́rin márùn-ún dání. Ìdí kejì tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mú gáìdì kì í ṣe ọ̀nà rárá, òótọ́ ni Àjàlá sọ, ọ̀nà ò ṣeé ṣì, àmọ́ nígbà tí èrò bá pọ̀ ní oṣù kẹwàá, gáìdì ló máa pe ilé tíì, ìyẹn ilé tí arìnrìn-àjò ń sùn sí tó sì ń jẹun, tó wà níwájú kó lè gba yàrá sílẹ̀, tí nǹkan bá sì ṣe yín, òun ló mọ ẹni tó ní jíìpù.

Ẹ ti Pokhara yọ owó tó máa tó yín lọ àti bọ̀. Yàrá ò wọ́n, oúnjẹ ló ń gbowó, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń gòkè lowó ń gòkè torí orí ìbaaka àti ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n fi ń kó gbogbo ẹ̀ gòkè. Ibi tẹ́ ẹ bá sùn ni kẹ́ ẹ ti jẹun alẹ́ àti tàárọ̀, àdéhùn ibẹ̀ nìyẹn. Omi gbígbóná láti fi wẹ̀, wáìfáì, iná fóònù, wọ́n lè gbowó lórí ìkọ̀ọ̀kan.

IyaTaiwoPeckham:
Ọ̀rọ̀ orúnkún ẹ̀gbọ́n yín ló ká mi lára jù torí èmi náà ní tèmi. Gbogbo èèyàn á máa sọ pé ìgòkè ló le. Ìgòkè á kàn mú yín mí hẹlẹhẹlẹ ni, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́. Àtẹ̀gùn òkúta wà láàárín Tikhedhunga àti Ulleri, àwọn tó kà á ní ó lé ní 3,200, bí Àjàlá ṣe la ọ̀nà yẹn sílẹ̀, orí ẹ̀ lẹ máa wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ara ò sì tíì mọ́ yín lára. Jíìpù ń lọ láti Pokhara dé Ulleri báyìí. Ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ sùn sí Ulleri, kí ilẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ rọra rìn gba inú igbó lọ sí Ghorepani, ọ̀nà tó dùn ún rìn nìyẹn, igi ńláńlá, odò, ibòòji. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ náà, tẹ́ ẹ bá ti dé Ghandruk, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ sọ̀ dé Birethanti, ẹ rìn sí Kimche níbi tí mọ́tò wà, ẹ jókòó.

Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ òtítọ́ nípa ẹ̀ ni ọjọ́ Ghorepani sí Tadapani. Lórí ìwé ẹ máa rí i pé Tadapani kéré sí Ghorepani ní gíga, ẹ á rò pé ìsọ̀kalẹ̀ lásán ni. Rárá o. Ẹ máa kọ́kọ́ gòkè padà lọ sí Deurali tó lé ní 3,000 mítà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wọ inú kòtò odò kan, ẹ tún gòkè jáde, ẹ sì ti jí ní ìdájí ọjọ́ yẹn kan náà lọ wo oòrùn! Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín ti máa lo ọ̀pá. Ọ̀pá méjì o, kì í ṣe ẹyọ kan, kó gùn díẹ̀ sí i tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ aago ọrùn ìbaaka lẹ́yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ẹ má yà sí ẹ̀gbẹ́ tó dà sísàlẹ̀, ẹrù wọn fẹ̀, wọ́n lè fi gbá èèyàn ṣubú.

Ajala_Leeds:
Ìyá Táíwò, ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ téèyàn bá wọ jíìpù lọ, wọ jíìpù bọ̀, kí ló wá rìn? Àtẹ̀gùn Ulleri yẹn ni ìrìn náà gan-an. Ẹ̀wẹ̀, Pokhara ò ga ju bíi 800 mítà lọ, kéèyàn kàn fò dé nǹkan bí 2,000 mítà ní ìròlẹ́ kan, ara ò ní mọ̀ ọ́n.

IyaTaiwoPeckham:
Ní 2,000 mítà kọ́ ni àìsàn òkè tí afẹ́fẹ́ tó tinrin ń fà ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, láti bíi 2,500 lọ sókè ni. Wọ́n máa sùn ní Ulleri kí wọ́n tó lọ sí Ghorepani, ara á mọ̀ ọ́n. Àjàlá, orúnkún tìẹ ṣì dáa lo ṣe ń sọ̀rọ̀ báyẹn. A máa bi ẹ́ tó o bá pé àádọ́ta.

OmoIdanre:
Ẹ̀yin Àdùnní, ẹ ò tiẹ̀ ní láti lọ jìnnà kẹ́ ẹ tó mọ bóyá ẹ lè ṣe é. Àtẹ̀gùn tó gun òkè Ìdànrè lé ní 600. Ẹ wá síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gbé àpò tó wúwo díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ kó tó di pé oòrùn mú, kẹ́ ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì yẹn ló ṣe pàtàkì, ọjọ́ kìíní gbogbo èèyàn lágbára. Bódìjà sí UI, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kò jọ ọ́. Ẹ sì wọ bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ Nepal nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ má wọ bàtà tuntun lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ á bó.

NoosiHouston:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè genotype. Àdùnní, kí ni genotype yín méjèèjì? Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ fún ara wọn kì í sábà sọ ọ́ torí kì í ṣe ìṣòro tiwọn, tiwa ni. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ibi gíga léwu fún un, afẹ́fẹ́ tó tinrin lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, kó má dábàá ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ lóhùn sí i. Ẹni tó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ ló ń lọ ibi gíga láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n a ti rí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé spleen wọn mọ́ lórí òkè, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ ìhà òsì, apá kan ẹ̀ á sì kú. Bó ṣe máa ń ṣe ni pé ìhà òsì lókè ikùn á máa ro èèyàn gidigidi, á máa bì, á sì máa rò pé oúnjẹ ló bá òun jà. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá ọsibítù.

Fún ẹnikẹ́ni náà, AA tàbí AS, tí orí bá ń fọ́, tí inú ń rú, tí òòyì ń kọ́ni ní Ghorepani, ẹ má gòkè mọ́ títí á fi lọ. Tó bá ń le sí i, tàbí èèyàn ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, tàbí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mutí, ìsàlẹ̀ ni oògùn ẹ̀, ní òru náà ni.

AdunniBodija:
Ẹ ṣé ma. AS ni mí, ẹ̀gbọ́n mi AA. Mi ò rò ó rí pé ó lè ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkè. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n ra Diamox, oògùn àìsàn òkè, ẹ bá mi wò ó, Septrin máa ń mú kí ara mi wú kó sì máa yún mi.

GbengaKili:
Ẹ má dẹ́rù bà á ju bó ṣe yẹ lọ o. AS lèmi náà, mo dé orí Kilimanjaro, 5,895 mítà, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Poon Hill ò tó nǹkan. Ṣé gbogbo AS ló máa wá jókòó sílé ni?

NoosiHouston:
Gbénga, ẹ kú oríire, mi ò sọ pé kó jókòó sílé. Ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe ló máa ń wá sọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó mọ àmì ẹ̀, kó sọ fún gáìdì àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Pokhara, kó máa mu omi dáadáa ní gbogbo ọjọ́, kó má sáré bá ẹnikẹ́ni díje lórí àtẹ̀gùn. Àìtó omi pẹ̀lú ìrìn àṣejù lè mú un burú fún AS. Àdùnní, ọ̀rọ̀ Diamox, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Agbeni tàbí ibòmíràn láìrí dókítà. Òun àti Septrin bára wọn tan díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọ̀kan ń bá jà ni èkejì ń bá jà, dókítà ló yẹ kó pinnu ìyẹn. Gíga tẹ́ ẹ fẹ́ lọ yìí, tẹ́ ẹ bá rọra lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò ó rárá. Ẹ ra inṣọ́ránsì tó sọ ní kedere pé òun ń san owó hẹlikọ́pítà àti pé ìrìn dé 3,500 mítà wà nínú ẹ̀, àwọn kan máa ń dúró sí 2,500 tàbí 3,000. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀.

Akeko_Chandigarh:
Tí ara ò bá gbà á lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rí dókítà, ìrìn mìíràn wà nítòsí ibẹ̀ tí ò ga: Australian Camp àti Dhampus. Òkè Pokhara náà ni, Australian Camp ò ju nǹkan bí 2,060 mítà lọ, ẹ lè sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan, Annapurna South àti Machapuchare á dúró síwájú yín láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n yín náà ò ní fi orúnkún ẹ̀ gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju Poon Hill lọ, tí mo bá sọ ọ́ fáwọn èèyàn wọ́n máa ń bínú. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, òjò ni, ẹ ò ní rí òkè kankan, eṣúṣú á máa wọ inú bàtà yín. Iyọ̀ la fi ń yọ ọ́, ẹ má fà á tu.

Ẹ tún béèrè òtútù. Ní oṣù kọkànlá omi lè dì ní Ghorepani lóru. Ẹ má wọ aṣọ òwú mọ́ ara, tó bá ti mu òógùn kì í gbẹ, ìyẹn ló ń mú òtútù wọra. Jákẹ́ẹ̀tì onífùlọ́fùlọ́ kan, ìbọ̀wọ́, fìlà, wọ́n ń yá èèyàn ní jákẹ́ẹ̀tì àti àpò ìsùn ní Pokhara, ẹ má ra ti ojú ẹ̀rọ lówó gọbọi.

IyaTaiwoPeckham:
Ẹ di irun kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ dì í wẹ́wẹ́ kí fìlà lè wọ̀ ọ́, tó bá ti di ìdàkúdà nínú òtútù yẹn kò sẹ́ni tó máa bá yín ya á. Oúnjẹ: dal bhat, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wọ́n máa ń bù ú kún lẹ́ẹ̀kejì láìgbowó, òun ni kẹ́ ẹ jẹ. Kò sí ata tó mú ẹnu wa, ẹ di ata gígún sínú ike kékeré. Màlúù ò ṣeé pa ní Nepal lábẹ́ òfin, ẹ má bi wọ́n ní ẹran màlúù, ẹran ẹfọ̀n wà nínú momo, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé ẹran, ní Pokhara. Tẹ́ ẹ bá gbé gàrí lọ, mo mọ̀ pé ẹ máa gbé e, omi tẹ́ ẹ ti sọ oògùn apakòkòrò sí ni kẹ́ ẹ fi mu ún, ẹ má bu omi ẹ̀rọ etí ọ̀nà.

Ajala_Leeds:
Gàrí lórí Poon Hill. Ẹ jẹ́ kí n rí fọ́tò o.

AdunniBodija:
Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Jíìpù dé Ulleri, ó ní kí n bá òun kí Ìyá Táíwò. Oṣù kẹta la ń wò báyìí torí òdòdó yẹn àti torí kí físà lè ráyè jáde. Mo ní àpọ́ìńtìmẹ́ǹtì pẹ̀lú dókítà ní UCH, tó bá ní kí n má gòkè, Australian Camp nìyẹn. Ó ku ọ̀kan: ṣé ká gba pọ́tà pẹ̀lú gáìdì? Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi pé kí èèyàn mìíràn máa gbé ẹrù òun.

BabaOniSnowdon:
Iṣẹ́ ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀, ojú tó ń tì wọ́n ò ní bọ́ ọmọ ẹ̀. Pọ́tà kan tó fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kó ẹrù yín papọ̀ sínú àpò kan, ẹ má jẹ́ kó ju ogún kìlò lọ, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Pokhara. Ẹ wo bàtà àti aṣọ òtútù tó wọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kí ẹ sì bi iléeṣẹ́ náà bóyá wọ́n ṣe inṣọ́ránsì fún un, kí wọ́n fi ìwé ẹ̀ hàn yín. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, ẹ wá iléeṣẹ́ mìíràn. Owó ìdúpẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni.